Lẹ́tà ṣíṣí sí Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun àti àwọn Mínísítà tọ́rọ̀ kàn: Ta ló ń ka ohun tó ń gbé inú odò Ọ̀ṣun?

Sí Ọlọ́lá Jùlọ, Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun,
Sí Mínísítà fún Ọ̀rọ̀ Àyíká,
Sí Mínísítà fún Ohun Àlùmọ́ọ́nì,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ọmọ Òṣogbo ni mí, ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama. Gbangba ni mo ti kọ lẹ́tà yìí nítorí pé gbogbo ẹni tó ń gbé létí odò yìí, láti Ìgèdè-Èkìtì tó ti ṣẹ̀ wá títí dé etí ọ̀sà tó ń ṣàn lọ bá, ló lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́ ohun tí mo fẹ́ bi yín, kí wọ́n sì gbọ́ èsì yín.

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí tí omi Ọ̀ṣun ti pọ́n, tó kún fún ẹrẹ̀, látàrí àwọn tó ń wa góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti àyíká rẹ̀. Lọ́dún 2022, nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun ń bọ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn olùjọsìn àti àlejò pé kí wọ́n má mu omi odò náà. Ìkìlọ̀ náà bójú mu. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́ ìkìlọ̀ lè ra píọ́wọ́tà. Ẹja kò lè ra omi míì, alákàn kò lè kó kúrò ní àdúgbò, ọmọ lámilámi tí wọ́n yé sínú odò kò ní ibòmíràn tó lè lọ kó tó hu ìyẹ́.

Láti ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ àwọ̀ omi ni gbogbo ènìyàn ń sọ. Bí omi bá pọ́n, ariwo á ta. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé tí ẹrẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀, ariwo á rọlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n á ní odò ti ń bọ̀ sípò. Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyí. Àwọ̀ omi kò tó fi ṣe ẹ̀rí pé odò ṣì wà láàyè. Ẹ̀rí tó dájú ni àwọn ẹ̀dá tó ń gbé inú rẹ̀: oríṣi mélòó ló kù, ta ló ń pa ta jẹ, ta ló ti pòórá. Àwa tí à ń gbé létí odò kò rí àkọsílẹ̀ kankan tí ìjọba ń gbé jáde déédéé fún ìlú lórí èyí. Ẹ jẹ́ kí n tò ó ní ẹsẹẹsẹ.

1. Ẹrẹ̀ ló kọ́kọ́ ń pa odò, kí kẹ́míkà tó dé rárá. Púpọ̀ nínú góòlù tí wọ́n ń wá wà nínú yanrìn àti òkúta wẹẹrẹ ní bèbè àti ìsàlẹ̀ odò. Awakùsà á bẹ́ igbó bèbè lulẹ̀, á wa ilẹ̀ náà jinlẹ̀, á fi ẹ̀rọ fa omi, á fi fọ yanrìn lórí pákó tí wọ́n gbé dagun, omi ẹrẹ̀ á sì ṣàn padà sínú odò. Odò kéékèèké ló ń gbà á lọ́wọ́ wọn, àwọn náà á gbé e lé Ọ̀ṣun lọ́wọ́.

Bí mo bá kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ sí odò kékeré tí wọn kò tíì wa bèbè rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe ni kí wọ́n gbé òkúta kan tó tó ìkúùkù láti ibi tí omi ti ń sáré, kí wọ́n gbé e sínú àwo funfun tó ní omi díẹ̀, kí wọ́n yí abẹ́ rẹ̀ sókè. Láìpẹ́, ohun alààyè á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lórí rẹ̀. Kòkòrò pẹlẹbẹ kan wà tí kò gùn tó èékánná, ìrù tín-ín-rín mẹ́ta ló ní, ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀ méjèèjì sì ń fẹ́ bí abẹ̀bẹ̀: ibẹ̀ ló fi ń mí. Òmíràn ti ṣa yanrìn wẹ́wẹ́ jọ, ó fi ohun tó ń yọ lẹ́nu rẹ̀ lẹ̀ wọ́n pọ̀, ó sọ ọ́ di ilé tó ń wọ́ kiri. Ìṣáwùrú lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà míì, ọmọ alákàn á já bọ́ sínú àwo, àwọn ọmọ á sì pariwo. Abẹ́ òkúta kan ṣoṣo nìyẹn.

Ẹ wá gbìyànjú rẹ̀ níbi tí ẹrẹ̀ ti dé. Òkúta kò tilẹ̀ fẹ́ gbé, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bó bá gbé, abẹ́ rẹ̀ dúdú, ó ń rùn. Àlàfo tó wà láàárín òkúta sí òkúta, níbi tí gbogbo àwọn tí mo dárúkọ yẹn ń fara pamọ́ sí, ti dí. Ohun tí ẹ óò bá níbẹ̀ ni kòkòrò pupa tín-ín-rín tó ń ká kò tó ń nà. Pupa yẹn ní ìdí: èròjà kan náà tó mú ẹ̀jẹ̀ wa pupa wà lára rẹ̀, òun ló fi ń fa ìwọ̀nba ọ́síjìn tó kù nínú ẹrẹ̀, níbi tí àwọn tó kù kò ti lè mí. Odò tí ogún oríṣi ti kú níbẹ̀, tí oríṣi kan ṣoṣo wá pọ̀ rẹpẹtẹ, odò aláìsàn ni, ì báà mọ́ gaara lójú.

Ẹrẹ̀ yìí kan náà ń dí ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ewédò tó ń yọ̀ lórí òkúta kò ní lè hù, bẹ́ẹ̀ òun ni oúnjẹ ọ̀pọ̀ kòkòrò àti ẹja wẹ́wẹ́. Ó ń bo ẹyin àwọn ẹja tó ń yé sórí ilẹ̀ odò, ẹyin á sì kú sínú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Ó ń lẹ̀ mọ́ ibi tí ẹja fi ń mí lábẹ́ ìdérí etí rẹ̀. Kò sí mẹ́kúrì, kẹ́míkà tí àwọn awakùsà fi ń kó góòlù jọ, nínú gbogbo èyí tí mo sọ. Ẹrẹ̀ lásán ni.

2. Ẹ kò tíì bi ara yín léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọdẹ inú omi. Odò kì í ṣe àgbá tí a da ẹja sí. Ibi tí àwọn kan ti ń pa àwọn kan jẹ ni, ìpajẹ yìí ló sì ń jẹ́ kí gbogbo wọn wà ní ìwọ̀n. Bí ẹ bá mú ọdẹ kúrò, ohun tí ọdẹ náà ń pa jẹ á bí sí i, á rẹ̀ sí i, á jẹ ohun tí kò yẹ kó jẹ tán. Bí ẹ bá sì fún ọdẹ kan lágbára ju àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó lè pa ìran àwọn míì run.

Omi ẹrẹ̀ ń ṣe méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹja tó ń fojú dọdẹ kò ríran mọ́, ebi á máa pa á lójú oúnjẹ. Ẹyẹ apẹja tó ń ti orí ẹ̀ka já lu omi kò rí ohun tó fẹ́ já lù. Àmọ́ àrọ̀ kò nílò ojú tó bẹ́ẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ ló fi ń tọ́ oúnjẹ wò nínú òkùnkùn. Ó tún ní ohun mìíràn: ẹ̀yà ara kan wà lórí rẹ̀ tó fi ń mí atẹ́gùn òkè, ó lè yọ orí sókè gbé atẹ́gùn bí ọ́síjìn inú omi bá tán. Nítorí náà, bí òṣìṣẹ́ ìjọba kan bá wá sọ fún yín pé ẹja ṣì wà nínú odò, ẹ bi í pé ẹja wo. Bó bá jẹ́ àrọ̀ ló ń tọ́ka sí, kò tíì sọ ohunkóhun fún yín nípa ìlera odò náà. Àrọ̀ wà lára àwọn tó máa ń kú gbẹ̀yìn.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn, nítorí èyí kan ilé gbogbo wa. Ọmọ lámilámi, kó tó hu ìyẹ́, inú omi ló ń gbé, ọdẹ tó burú ni. Ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ ká sábẹ́ àgbọ̀n. Bí tanwíji, ìyẹn ọmọ ẹ̀fọn tó ń gbé inú omi, bá sún mọ́ ọn, ètè náà á yọ síwájú lójijì, á gbá a mú, á fà á wálé sẹ́nu. Mo ti jókòó ti ìgò gíláàsì pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi láti wò ó, ojú kò yára tó láti rí bí ètè náà ṣe jáde. Ọmọ lámilámi àti ẹja kéékèèké ń fi ọ́síjìn inú omi mí. Tanwíji kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ojú omi ló ti ń gba atẹ́gùn. Bí omi bá bàjẹ́ tí ọ́síjìn inú rẹ̀ lọ sílẹ̀, ọdẹ á kú, ẹran tí ọdẹ ń pa jẹ á yè. Ẹ̀fọn tó ń pọ̀ sí i létí omi ìdọ̀tí, apá kan nínú ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Ti àwọn kòtò tí awakùsà gbẹ́ sílẹ̀ tún yàtọ̀. Òjò á kún inú wọn, oòrùn á máa ràn sí i tààrà, wọn kò so mọ́ odò kankan tí ẹja lè gbà wọ̀ ọ́. Irú ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri fẹ́ràn láti yé sí. Kòtò kọ̀ọ̀kan tí ẹ kò jẹ́ kí wọ́n dí, ibi ìsìnmi ẹ̀fọn ni, láìsí ọdẹ kankan tó lè dá a dúró.

Bí ẹ bá rò pé àsọdùn ni mo ń sọ nípa agbára ọdẹ inú omi, ẹ wo orílẹ̀-èdè Senegal. Ní 1986 ni wọ́n parí ìdídò (dáàmù) Diama nítòsí ẹnu odò Senegal. Edé ńlá inú odò ní láti sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibi tí omi iyọ̀ ti pàdé omi dídùn kó tó lè bímọ, ìdídò yẹn sì dí ọ̀nà mọ́ ọn. Edé yìí ló ń jẹ àwọn ìgbín omi tó ń gbé kòkòrò àìsàn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Edé lọ, ìgbín gbilẹ̀, àìsàn tàn ká àwọn abúlé létí odò, pàápàá ní Richard-Toll. Lọ́dún 2015, àwọn onímọ̀ gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde: ní abúlé kan tí wọ́n ti dá edé padà sínú omi, ìgbín tó ní àìsàn dín kù, àwọn ará abúlé tí wọ́n ti fún lóògùn kò sì tún tètè kó àìsàn náà bíi ti abúlé tí kò sí edé. Irú edé yẹn kan náà ń gbé inú àwọn odò tiwa. Ta ló mọ iye tó kù nínú Ọ̀ṣun?

3. Májèlé àti ẹ̀rù, bí wọ́n bá pàdé, agbára wọn máa ń ju àròpọ̀ méjèèjì lọ. Lọ́dún 2001, onímọ̀ ẹ̀dá oníyè kan tó ń jẹ́ Rick Relyea àti ẹnì kejì rẹ̀, ní Amẹ́ríkà, tẹ ìwé kan jáde lórí légbénlègbé, ìyẹn ọmọ àkèré kan tó ń gbé orí igi. Wọ́n da oògùn apakòkòrò tó ń jẹ́ carbaryl sínú omi wọn. Ní àwọn àwo kan, wọ́n fi ẹranko kan tó máa ń pa légbénlègbé jẹ sínú àgò láàárín omi, kó má lè fọwọ́ kàn wọ́n, kí wọ́n sáà máa gbóòórùn rẹ̀. Oògùn náà fi ìlọ́po méjì sí mẹ́rin le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ níbi tí òórùn ọdẹ bá wà. Nígbà tí Relyea tún tẹ̀ ẹ́ síwájú lórí àwọn oríṣi àkèré mìíràn ní 2003, ó rí oríṣi kan tí oògùn náà fi ìlọ́po 46 le sí fún. Ẹ̀rù lásán, kò sí ẹni tó bù wọ́n jẹ.

Kí ni èyí já sí fún wa? Bí wọ́n bá fi ẹja kan ṣoṣo sínú omi mímọ́ nínú láàbù, tí wọ́n wọn májèlé kan ṣoṣo sí i, tí wọ́n sì ní ìwọ̀n báyìí kò léwu, ìwọ̀n yẹn kì í ṣe ti inú odò. Nínú Ọ̀ṣun, ẹrẹ̀ wà, mẹ́kúrì wà, oògùn apakoríko àti apakòkòrò tí òjò gbá wá láti oko kòkó àti oko ẹ̀fọ́ wà, omi ọṣẹ àti ìgbọ̀nsẹ̀ ìlú wà, ebi wà, ọdẹ sì wà lẹ́yìn. Gbogbo wọn ni légbénlègbé kan ń fara gbá lọ́jọ́ kan náà. Ẹ má fi ìwé àyẹ̀wò tó ní "kò kọjá òṣùwọ̀n" nìkan pa wá lẹ́nu mọ́. Ẹ lọ ka ohun tó wà láàyè nínú odò.

4. Ẹ ní ká má mu omi. Ẹja ńkọ́? Àwọn tó ń wa góòlù ń da mẹ́kúrì mọ́ yanrìn kó lè kó góòlù jọ. Lẹ́yìn náà wọ́n á fi iná jó o kúrò. Èyí tó bá bọ́ sínú ẹrẹ̀ odò, àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí á sọ ọ́ di irú mẹ́kúrì mìíràn tó ń wọnú ara ohun alààyè, tí kì í sì tètè jáde. Ewédò á gbà á, kòkòrò á jẹ ewédò, ẹja wẹ́wẹ́ á jẹ kòkòrò, ẹja ńlá á jẹ ẹja wẹ́wẹ́. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan ló ń pọ̀ sí i, débi pé ohun tó wà nínú ẹran ara ẹja tó ń pa ẹja jẹ lè ju èyí tó wà nínú omi lọ ní ìlọ́po mílíọ̀nù kan. Àwọn ọdẹ ńlá inú omi ni wọ́n ń ru ẹrù yìí jù, àwọn náà sì ni a máa ń yàn lọ́jà: ẹja tó tóbi, tó lẹ́ran lára, tí à ń sè fún àlejò àti fún aboyún.

Mẹ́kúrì ń ba ọpọlọ jẹ́. Ní ìlú Minamata ní Japan, níbi tí iléeṣẹ́ kan ti ń da omi ẹ̀gbin rẹ̀ sínú òkun, ní 1956 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde àìsàn náà. Ológbò tó ń jẹ ẹja ibẹ̀ ń gbọ̀n, wọ́n ń ta gìrì títí wọ́n fi kú. Àwọn ìyá kan tí ara wọn dà bí ẹni pé ó le bí ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ti bàjẹ́ láti inú oyún. Nàìjíríà ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àgbáyé tí wọ́n fi orúkọ ìlú yẹn pè. Ní ilé wa níbí pẹ̀lú, ẹ rántí Zamfara lọ́dún 2010: òjé tó wà nínú òkúta góòlù tí wọ́n ń lọ̀ nínú agboolé pa àwọn ọmọdé tó lé ní 400. Èmi kò sọ pé Ọ̀ṣun ti di Zamfara. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìgbà tí ikú ti dé ni wọ́n tó mọ̀ níbẹ̀, àwa ṣì láyè láti mọ̀ ṣáájú.

5. Àwa ará ìlú náà jẹ́ ọdẹ, àwọn kan nínú wa sì ń fi májèlé dọdẹ. Gàmálìn tí wọ́n ṣe fún kòkòrò oko kòkó, àwọn kan ń dà á sínú omi kí ẹja lè léfòó. Ẹja ńlá ni wọ́n á ṣà, wọ́n á fi ọmọ ẹja, alákàn, edé àti ọmọ lámilámi sílẹ̀ láti kú. Àwọn ọba àti baálẹ̀ wa gbọ́dọ̀ gbé ọ̀rọ̀ yìí rù, kì í ṣe ti ìjọba nìkan. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tà á lọ́jà, ẹ̀yin lẹ ní àṣẹ láti mú un.

6. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wá da ọmọ ẹja sínú odò kí ẹ wá ya fọ́tò. Ìmọ̀ràn yìí ń jà ràn-ìn, mo sì bẹ̀rù rẹ̀. Bí ẹ bá da ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ àrọ̀ sínú odò tí ẹrẹ̀ ti fọ́ ojú àwọn ẹja yòókù, ọdẹ tí kò bẹ̀rù ẹrẹ̀ lẹ rán sí àwọn tí kò ríran.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní adágún Victoria, láàárín Uganda, Kenya àti Tanzania, ni kí ẹ fi ṣe àwòkọ́gbọ́n. Láàárín ọdún 1950 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1960 ni wọ́n da ẹja Nile perch síbẹ̀, ẹja tí ọ̀kan lè wọ̀n ju 100 kìlógíráàmù lọ, nítorí wọ́n fẹ́ kí owó ẹja pọ̀. Bí oríṣi 500 ni ẹja wẹ́wẹ́ tó ń gbé adágún náà, mọ̀lẹ́bí èpìyà ni wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn kò sì sí níbòmíràn láyé. Nígbà tó di ọdún 1980 sí 1990, ẹja ńlá yìí gbilẹ̀, bí 200 nínú oríṣi wọ̀nyẹn sì pòórá. Àwọn kan di ẹ̀bi ru Nile perch nìkan. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ìlú àti ajílẹ̀ oko tún ti sọ omi di ríru ní àkókò kan náà. Abo àwọn ẹja wẹ́wẹ́ yìí ń fi àwọ̀ ara akọ mọ akọ oríṣi tirẹ̀; bí omi bá ti ru, kò mọ̀ wọ́n yàtọ̀ mọ́, oríṣi méjì á dà pọ̀ di ọ̀kan. Àwọn onímọ̀ fi èyí hàn lọ́dún 1997. Nígbà tí àwọn apẹja sì ti pa Nile perch débi tó dín kù, díẹ̀ nínú àwọn ẹja wẹ́wẹ́ náà padà wá, àmọ́ omi ríru kò jẹ́ kí wọ́n padà sí bí wọ́n ṣe wà. Ọdẹ tí wọ́n kó wá àti ìdọ̀tí jọ ṣiṣẹ́ náà ni. Ẹni tó bá fẹ́ tún odò ṣe láìka méjèèjì sí, ó ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

7. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Hẹ́kítà 75 ni, ó sì ti wà lára ohun àjogúnbá àgbáyé tí UNESCO tò sórí ìwé láti 2005. Nínú igbó yẹn, àwọn baba wa ti ka ẹja pípa léèwọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dá iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ àyíká sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìtàn wa sọ pé nígbà tí Láróòyè, ọba àkọ́kọ́ ní Òṣogbo, rúbọ sí odò, ẹja ni odò fi dá a lóhùn. Láti ìgbà yẹn, ẹja tó bá wọ ibẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Lójú onímọ̀ ẹ̀dá, ibi ààbò ni: ibi tí ẹja ńlá ti lè dàgbà, kó yé ẹyin, kí ọmọ rẹ̀ sì fọ́n lọ sókè sódò.

Èèwọ̀ yẹn lè dá ọwọ́ apẹja dúró. Kò lè dá ẹrẹ̀ dúró. Ohun tí àwọn àwòrò àti Àtáọ́ja ń pa mọ́ ní Òṣogbo, òkè odò ni wọ́n ti ń bà á jẹ́, níbi tí àṣẹ wọn kò dé. Èyí ló dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn tó pa òfin mọ́ ló ń jìyà ẹni tó rú u. Ẹ má sì gbàgbé pé lẹ́yìn Òṣogbo, odò yìí kan náà ló wọnú dáàmù Aṣéjìrẹ́, tí àwọn ará Ìbàdàn ti ń mu omi. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó bá kọjá wa, ibẹ̀ ló ń rọ̀ sí.

8. Ta ló ni ẹjọ́ yìí? Bí a bá bi ìpínlẹ̀, wọ́n á ní ti Àbújá ni ohun àlùmọ́ọ́nì. Bí a bá bi Àbújá, wọ́n á ní ti ìpínlẹ̀ ni ilẹ̀, àwọn tó ń wà á kò sì gbàṣẹ. Òótọ́ ni pé ìjọba àpapọ̀ ló ń fúnni níwèé àṣẹ. Ṣùgbọ́n òfin ìwakùsà ọdún 2007 dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún ohun àlùmọ́ọ́nì àti àyíká, ẹ̀ka ogún nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sì ní kí ìjọba dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́, ilẹ̀, igbó àti ẹranko inú wọn. Lọ́dún 2018, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ gbà pé ẹgbẹ́ aráàlú lè pe ẹjọ́ nítorí àyíká tó bàjẹ́. Bí ẹ bá ṣì ń ju bọ́ọ̀lù yìí sí ara yín, a ó mọ ọ̀nà kóòtù.

Ohun tí mo ń béèrè nìyí.

Èkíní, ẹ dá ibùdó kíkà sílẹ̀ lórí odò Ọ̀ṣun àti àwọn odò tó ń wọnú rẹ̀, láti òkè ibi ìwakùsà títí dé Aṣéjìrẹ́. Kí wọ́n máa kà lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: kòkòrò abẹ́ òkúta, ìṣáwùrú, alákàn, edé, légbénlègbé, ẹja ní oríṣi-oríṣi, kí wọ́n sì ya àwọn tó ń pa ẹlòmíràn jẹ sọ́tọ̀. Àwọn onímọ̀ ẹranko wà ní yunifásítì Ifẹ̀ àti ní yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun (UNIOSUN). Wọn kò jìnnà, ẹ ránṣẹ́ pè wọ́n. Kí wọ́n lẹ àbájáde mọ́ ààfin àti ọjà, ní èdè Yorùbá, pẹ̀lú àwòrán, kì í ṣe kí ó sùn sínú fáìlì.

Èkejì, ẹ yẹ ẹran ara ẹja wò fún mẹ́kúrì àti òjé, oríṣi kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ńlá lọ́tọ̀, kékeré lọ́tọ̀. Kí ẹ wá sọ fún àwọn aboyún àti abiyamọ, ní ilé ìtọ́jú tí wọ́n ń lọ, ẹja tí wọ́n lè jẹ àti èyí tí kí wọ́n fi sílẹ̀ ná.

Ẹ̀kẹta, kò gbọdọ̀ sí ìwakùsà kankan nínú odò tàbí ní bèbè rẹ̀, yálà pẹ̀lú ìwé àṣẹ tàbí láìsí. Ẹni tó bá níwèé, kó gbẹ́ adágún tí omi ẹrẹ̀ yóò ti rọlẹ̀ kó tó dá omi padà. Ẹni tí kò bá ṣe é, ẹ gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má sì kó àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbẹ́lẹ̀ nìkan lọ sẹ́wọ̀n kí ẹ fi àwọn tó ń ra góòlù lọ́wọ́ wọn sílẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ dí àwọn kòtò tí wọ́n fi sílẹ̀ kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì gbin igi padà sí bèbè.

Ẹ̀karùn-ún, kí ẹnikẹ́ni má da ọmọ ẹja sínú Ọ̀ṣun títí àbájáde kíkà náà yóò fi hàn pé oúnjẹ àti ibi ìyẹ́yin ti padà síbẹ̀.

A ń retí èsì yín ní gbangba, lórí rédíò àti nínú ìwé ìròyìn, kí oṣù Keje tó parí, ṣáájú ọdún Ọ̀ṣun ti oṣù Kẹjọ. Kí èsì náà dárúkọ ọ́fíìsì tí yóò máa ka ẹ̀dá inú odò, iye owó tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún un, àti ọjọ́ tí wọn yóò kọ́kọ́ wọ omi.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè kan, Òṣogbo.